Ojú Ọmọ àti Ojú Ayé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ẹnìkan dùn sí wa, ojú rẹ̀ ni a óò wò. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn sọ òótọ́ fún wa, a óò ní kí ó kọjú sí wa. Kí ni kí á wá wí nípa ọmọ tí ó jẹ́ pé ojú rẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn kò fẹ́ wò, tàbí tí wọ́n ń wò ju bí ó ti yẹ lọ? Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ta ni a ń tọ́jú, ṣé ọmọ náà ni tàbí àwọn tí ń wò ó?

Ní Ìwòrò níhìn-ín, ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì, níbi tí àwọn Àwórì àti àwọn Ògù ti jọ ń gbé, ìyá tí ó bá bí ọmọ tí ètè rẹ̀ là kì í ṣe aláìní olùdámọ̀ràn. Ọ̀kan yóò ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí ó wà nínú oyún. Àgbàlagbà mìíràn yóò rọra bèèrè pé ta ni ó fi ọ̀bẹ kan ọmọ yìí nígbà tí ó kọ́kọ́ wá, nítorí pé wọ́n a máa sàmì sí ara òkú àbíkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ yàtọ̀ sí èyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7 oyún ni ètè ọmọ máa ń so pọ̀. Àjà ẹnu a sì so pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 9. Bí apá ọ̀tún àti apá òsì kò bá pàdé, ètè yóò là, tàbí àjà ẹnu, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò tilẹ̀ tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn lóyún. Bí a bá ka gbogbo ayé pọ̀, nínú nǹkan bí ọmọ 700 tí a bí, a óò rí ọ̀kan tí ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn kò dá ìyá lẹ́bi. Orí ọmọ ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní ohun tí ó kúnlẹ̀ yàn ni. Níbí yìí ni mo rò pé a kò fi etí sílẹ̀ dáadáa sí ohun tí àwọn baba wa wí. Ọbàtálá ni ó ń mọ ara. Ọ̀dọ̀ Àjàlá ni a ti ń yan orí. Iṣẹ́ méjì ni, ọwọ́ méjì ni ó sì ti jáde. Orí inú ni a yàn, a kò yan ètè. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè ti ara ètè ọmọ mọ irú orí tí ó gbé wá sáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀bẹ dókítà tí ó lè dé ibi tí orí náà wà. Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ẹni òrìṣà ni irú wọn, gẹ́gẹ́ bí abuké, arọ àti àfín, pé a kì í sì í tún iṣẹ́ ọwọ́ òrìṣà ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, nítorí pé ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọmú dáadáa. Wàrà a máa gba imú rẹ̀ jáde. Ebi lè pa á kí ẹ̀gàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Òrìṣà wo ni yóò bínú pé ọmọ òun mu ọmú yó?

Ọ̀rọ̀ sísọ náà ń kọ́? Àwa olùkọ́ èdè mọ̀ pé bí a bá fẹ́ pe b, ètè méjèèjì yóò pàdé, àjà ẹnu yóò sì dènà kí èémí má gba imú jáde. Níbi tí àjà ẹnu bá ti là, "bàbá" yóò fẹ́ dún bí "màmá". Mo ti rí baba tí ó fi èyí ṣẹ̀fẹ̀, tí kò sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Àtúnṣe wà. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù 3, tí ó sì tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n lè rán ètè rẹ̀. Ti àjà ẹnu a máa dúró di nǹkan bí oṣù 9 sí 18. Ẹgbẹ́ Smile Train, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, ń ran àwọn ilé-ìwòsàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà kí òbí má baà san owó iṣẹ́ abẹ náà. Ní Òkè Ọya, ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀: àrùn noma, tí í bẹ̀rẹ̀ láti èrìgì ọmọ kékeré tí kò jẹun kánú, tí í sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé-ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ fún un ṣílẹ̀kùn ní Sókótó ní 1999, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Àrùn ni wọ́n pè ní ohun tí a pa tì. Àwọn ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Àwa Yorùbá kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò fi abẹ kan ojú ọmọ rí. Gọ̀mbọ́, àbàjà, pélé, kẹ́kẹ́: ọmọ kò sọ pé òun fẹ́, a kọ ọ́ fún un kí ojú ayé lè mọ ilé tí ó ti wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka sísàmì sí ara ọmọ léèwọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí àwòrán àgbà tí ó kọ kẹ́kẹ́. Ohun tí ó jẹ́ iyì lójú àwọn baba ńlá wọn ti di àbùkù lójú tiwọn. Bí ó bá jẹ́ kí ojú ayé lè gba ọmọ nìkan ni a ṣe ń tún ojú rẹ̀ ṣe, ojú ayé kò ṣeé gbára lé.

Ọwọ́ èmi pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà ní kíláàsì mi, tí wọ́n ti rán ètè àti àjà ẹnu rẹ̀ ní kékeré. Àpá wà ní ètè rẹ̀, imú rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ ní apá kan. Kò sí akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ ewì í kà bí i tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò fẹ́ wá sí ọjọ́ àṣà, ọmọ mìíràn ni mo fi sípò, mo sì ní kí òun bá mi kọ ìwé ètò. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ohùn mi ni kò dára tó ni, àbí ètè mi?" Bí mo bá ní ohùn rẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa. N kò rí èsì fọ̀.

Ní ọdún kejì, mo pè é, ó sì kà á. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí ó yá. Èmi kò sọ pé èyí wo ohunkóhun sàn.

Ní báyìí, ìyá rẹ̀, tí ń yan ẹja tà, ti gbọ́ pé wọ́n tún lè mú àpá náà rẹlẹ̀ sí i. Ó wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kí ó tó to ẹni tí ń wọlé ọkọ." Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá ni ó yẹ kí ó pinnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ wàrà ni. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 16. Wàrà kọ́ ni ọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí ìyá bi í léèrè fúnra rẹ̀. Ọmọ dáhùn pé òun kò kọ̀ ọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò àṣekágbá tán ná, kí ìyá òun sì sọ ẹni tí ó fẹ́ kí òun ṣe é fún.

Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ìyá kò tíì dá a lóhùn.