Ohun Tí Etí Kò Béèrè

Ní ọdún 1862, Antonio de Torres, ọmọ Almería ní ilẹ̀ Spéìn, ọ̀gá nínú iṣẹ́ gìtá, ṣe gìtá kan tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ páálí. Ṣùgbọ́n fún ojú rẹ̀, ó ṣa pákó gidi, igi tí àwọn Faransé ń pè ní épicéa, tí ó fúyẹ́ tí ó sì le. Ó fá a pẹlẹbẹ, ó sì to àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn pé ojú gìtá ni ohùn rẹ̀ wà. Gìtá náà ń bẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona títí di òní.

Okùn gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ jù láti ti afẹ́fẹ́. Bí a bá ta á, ìgbọ̀n rẹ̀ a gba ara igi kékeré tí okùn gùn bọ́ sí pákó ojú. Pákó yìí ni ó ń gbé ohùn dé etí wa. Ẹni tí ó mọ dùndún kò ní jiyàn: awọ ni ó ń lé orin, igi ń gbè é. Ẹ̀yìn gìtá ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ elégbè ni.

Kí ni a wá ń wá nínú igbó? Igi dúdú, ébène, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, nítorí pé ó le, kì í sì í tètè jẹ. Líle rẹ̀ wúlò. Àwọ̀ rẹ̀ kò kan orin. Síbẹ̀, nígbà tí Bob Taylor, oníṣẹ́ gìtá ará Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ra ilé iṣẹ́ igi dúdú kan ní Kamẹrúùnù ní 2011, ó gbọ́ pé igi tí wọ́n bá gé tí inú rẹ̀ kò dúdú kanlẹ̀, inú igbó ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí kí ó jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í mọ inú igi kí a tó gé e! Ó kéde pé òun yóò máa lo igi abilà náà pẹ̀lú.

Ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti pa igi nítorí ohun tí etí kò béèrè? Àwọn agbẹ́gi wa àtijọ́ a máa ṣe ètùtù kí wọ́n tó fi àáké kan àwọn igi kan. Ohun tí ènìyàn tọrọ, kì í rọrùn fún un láti gbé e jù nù.

Àwọn kan yóò ní ojú pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀ nínú orin. A kò kọ̀ ọ́. Bí a bá gbé gìtá méjì síwájú àwa gan-an, ọ̀kan dúdú kanlẹ̀, èkejì abilà, dúdú ni ọwọ́ wa yóò kọ́kọ́ nà sí. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ di ojú wa, kí ẹlòmíràn ta méjèèjì fún wa gbọ́.