Ẹni tí a pa tì nínú Ọ̀ṣẹ́tùúrá



Obìnrin kan tún lóyún, ó wá bá mi. Èyí tó kọ́kọ́ ní ti wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún: kò rọbí gidi, omi kàn dà, ọmọ tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àbíkú ni. Mo dá Ifá, Ọ̀ṣẹ́tùúrá ló yọjú.

Ṣé ẹ rántí? Àwọn irúnmọlẹ̀ pa Ọ̀ṣun tì, ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún mọ́, àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo wá bi ara mi pé, ta ni àwa ń pa tì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Dókítà ni, jàre.

Ẹnu ilé-ọmọ ẹlòmíì kì í lágbára. Bí oyún bá ti ń wúwo, á ṣí kó tó di àsìkò. Kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà rárá. Wọ́n lè máa fi scan wo bó ṣe gùn tó, tàbí kí wọ́n rán an ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, kí wọ́n sì tú u ní bí ọ̀sẹ̀ 36 tàbí 37. Àwa náà ń de oyún, a sì mọ̀ pé ohun tí a dè, a gbọ́dọ̀ tú u. Nítorí náà, bí omi bá dà, tàbí ìrọbí bá mú un tí okùn náà ṣì wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, kì í ṣe ilé mi!

A fi oyin bọ Ọ̀ṣun, mo sì ní kó lọ rí dókítà lọ́la. Wọ́n ti rán an. Ọ̀sẹ̀ 24 ló wà báyìí.