Kí Iná Tó Dé

Kà: Àìsáyà 28:23-29

Lálẹ́ Sátidé, tí mo bá ń tẹ ìwé ètò ìsìn wa níhìn-ín ní Niamey, iná tó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo máa ń rò. Lọ́dún 1977, ní ilé-iṣẹ́ Canon ní Jàpáànù, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé ṣèèṣì kan abẹ́rẹ́ tí tàdáwà wà nínú rẹ̀, ni tàdáwà bá ta síta. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tiwọn tó ń fi ooru tẹ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ihò rẹ̀ kò fẹ̀ tó fọ́nrán irun, ibi ìgbóná kékeré kan sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná á kàn án, á sì kúrò kí ojú tó ṣẹ́. Tàdáwà á hó, oru rẹ̀ á ti ẹ̀kán kan sórí ìwé. Bí iná bá kéré, kò sóhun tó máa jáde. Bó bá pọ̀ jù, tàdáwà á jóná, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ẹ̀kọ ti í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Nínú oṣù Kẹrin, tí ooru ìlú yìí ń kọjá ogójì, ẹ̀rọ náà ti gbóná kí n tó tàn án rárá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ohun tó ń wọn ooru sí i: bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, iná tí yóò gbà á dín kù; bó bá tutù, wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àgbẹ̀ tí Àìsáyà ń wò kì í yí kẹ̀kẹ́ lórí kúmínì. Ọ̀pá ló fi ń lù ú. Ọkà tí kẹ̀kẹ́ tọ́ sí pàápàá, kì í pa á títí. Àwọn obìnrin tó ń gún jéró ládùúgbò wa náà mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ odó dúró. Wòlíì ní Ọlọ́run ló kọ́ àgbẹ̀ náà. Ǹjẹ́ Ẹni tó kọ́ni níwọ̀n lè ṣàì mọ̀wọ̀n?

Arábìnrin wa kan sin ọkọ rẹ̀ lọ́dún yìí. Kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fi há sí Malanville, ní ẹnubodè Benin. Ó bi mí bóyá Olúwa tilẹ̀ mọ ohun tó ti wà lọ́rùn òun tẹ́lẹ̀. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbàdúrà rẹ̀ láti ìgbà yẹn:

Bàbá, fọwọ́ kàn án wò. Ara rẹ̀ ti gbóná.