Ta Ni Ó Ni Awọ Ara Wa?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín. Bí dókítà kan bá wá bá yín, tí ó ní kí ẹ yá òun ní ẹ̀yìn yín fún ọjọ́ mélòó kan, kí òun fi dán òògùn tuntun wò, ṣé ó tọ́ kí ó béèrè bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá sì dá a lóhùn pé ẹ gbà, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ẹ gbà lóòótọ́?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí dókítà fi ń wá awọ ènìyàn.

Ẹ ti rí obìnrin tí ó fi yẹtí olówó pọ́ọ́kú sí etí, tí etí náà wú, tí ó ń yún un, tí ó ń ṣomi. Ẹ ti rí ọkùnrin tí ń po sìmẹ́ńtì, tí ọwọ́ rẹ̀ sú, tí ó sì sán. Ẹlòmíràn lo irú yẹtí kan náà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn po sìmẹ́ńtì fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ń dán. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Kì í sì í ṣe àrùn tí ń ràn. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní alẹ́jì. Èmi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí ara fúnra rẹ̀ yàn, tí kì í ṣe ti ìdílé. Nínú yẹtí, irin kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì ni ó sábà máa ń fà á. Nínú sìmẹ́ńtì, ohun tí wọ́n ń pè ní kúrómù ni.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan náà bá kan ara, a kì í rí nǹkan kan. Ara ń wò ó, ó ń kọ́ ọ, bí ẹ̀yin ṣe kọ́ lẹ́tà a, b, d. Ìgbà tí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán ni ó ń bá a jà. Láti ọjọ́ náà, kì í sábà gbàgbé rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tí ara ẹnìkan kọ̀? Ní ọdún 1895, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Josef Jadassohn, fi ọ̀nà kan han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà náà ni a ń tẹ̀lé. A ó mú díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn nǹkan tí a fura sí, a ó fi wọ́n sí ẹ̀yìn aláìsàn, a ó sì fi aṣọ kékeré bò wọ́n. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a ó ṣí i. A ó wò ó, a ó sì tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Ibi tí ó bá pọ́n, tí ó wú, tí ó ń yún, ibẹ̀ ni èèwọ̀ ara náà wà.

Nítorí náà, ọṣẹ tí ẹ fi wẹ̀ ní àárọ̀ yìí, ìpara tí ẹ fi pa ọmọ lára, ó ṣeé ṣe kí awọ ẹnìkan ti gbà á ṣáájú tiyín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yá oníṣègùn ní awọ rẹ̀, gbogbo wa ni a ó máa họ ara títí. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí dókítà béèrè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bí ó ṣe béèrè, àti ẹni tí ó bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà.

Nígbà ogun ńlá tí ó parí ní 1945, àwọn dókítà kan ní Jámánì fi àwọn ẹrú ogun dán oríṣìíríṣìí nǹkan wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Wọ́n gbé àwọn dókítà náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Nuremberg. Ní 1947, àwọn adájọ́ kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀. Èkíní nínú wọn ni pé a kò gbọdọ̀ dán nǹkan wò lára ẹnikẹ́ni bí kò bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà, láìsí ipá, láìsí ẹ̀tàn. Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n dá ẹjọ́ náà.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1951, dókítà awọ ara kan ní Philadelphia, Albert Kligman, wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Holmesburg. Àrùn ẹsẹ̀ tí ń yún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n pè é wá wò. Ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tí kò ní ibi tí wọ́n máa lọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bí àgbẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rí ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ó rí lójú òun.

Èmi náà ń roko. Mo mọ ohun tí àgbẹ̀ ń rò bí ó bá rí ilẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í bi ilẹ̀ léèrè kí ó tó fi ọkọ́ lé e.

Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1974. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọṣẹ, ìpara àti òògùn san owó, ó sì ń dán ọjà wọn wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ní 1966, ó kọ ìwé nípa ọ̀nà kan láti mọ ohun tí ó lè di alẹ́jì. Ẹgbẹ́ ènìyàn márùndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ń ṣe é. Ó ń fi ohun kan bí ọṣẹ líle bó awọ wọn díẹ̀, kí nǹkan náà lè wọlé dáadáa. Ó ń fi nǹkan náà lé e fún ọjọ́ méjì méjì, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Wọ́n á sinmi. Wọ́n á tún fi kan awọ wọn, láti wò bóyá ara ti kọ́ ọ.

Ṣé ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Jadassohn ń wá èèwọ̀ tí ó ti wà lára aláìsàn, kí ó lè ràn án lọ́wọ́. Kligman ń fi èèwọ̀ tuntun sí ara ẹni tí kò ṣàìsàn. Ẹni náà ń gbé e jáde kúrò lẹ́wọ̀n, ó sì lè máa gbé e kiri títí di ọjọ́ ikú. Iṣẹ́ méjèèjì jọ ara wọn lójú, aṣọ kékeré lórí awọ ni méjèèjì. Síbẹ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ó burú jù. Ní 1965 àti 1966, ilé iṣẹ́ Dow ní kí ó dán díókísìn wò, májèlé kan tí ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òògùn tí ń pa koríko. Ó fi sí ara àádọ́rin ẹlẹ́wọ̀n. Lára àwọn kan nínú wọn, ó fi kún un lọ́pọ̀lọpọ̀ ju iye tí ilé iṣẹ́ náà ní kí ó lò. Irorẹ́ ńláńlá yọ sí wọn lára, kò sì tètè lọ.

Ta ni àwọn ọkùnrin náà? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé ẹjọ́ kò tí ì dá lẹ́bi rárá. Wọ́n wà níbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí owó san kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọjọ́ ẹjọ́. Owó tí Kligman ń san ju ti iṣẹ́ èyíkéyìí nínú ọgbà náà lọ. Ọ̀pọ̀ ló gba owó náà láti fi ra òmìnira ara wọn. Wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn kan á ní, “Wọ́n gbà, wọ́n gbowó, wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ni ẹjọ́ kù?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan, tí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ lọ̀ ọ́, kí ni yóò ṣe? “Mo gbà” tí kò ní “n kò fẹ́” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn. Yàtọ̀ sí èyí, wọn kò sọ fún wọn pé májèlé ni. Ẹni tí a kò sọ nǹkan fún kò lè gbà á.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì wa, ìyá kan tí ń ta ọṣẹ dìde. Ó ní, “Olùkọ́, bí ọmọ mi bá ń ṣàìsàn, tí wọ́n fi owó lọ̀ mí, n kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ṣé èmi náà kò sí nínú ẹ̀wọ̀n?” Kíláàsì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbàgbọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Àìní ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n má ṣe bi tálákà léèrè mọ́, àrùn tálákà kò ní rí òògùn láé, nítorí òun nìkan ni àrùn náà ń ṣe.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ẹ mọ egbò Buruli. Kì í ṣe alẹ́jì, kòkòrò kan ni ó ń fà á, awọ ara ni ó sì ń jẹ. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n fi ń wò ó pẹ̀lú oògùn oníhóró, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lára ọmọdé. Abẹ́rẹ́ náà sì lè ba etí jẹ́. Láti 2013 sí 2017, wọ́n dán oògùn oníhóró nìkan wò ní ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Ghana àti ní ọ̀kan ní ilẹ̀ wa, ní Pobè. Àwọn tí egbò náà ń ṣe ni wọ́n bẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n tọ́jú: àwọn kan gba abẹ́rẹ́, àwọn kan gba oníhóró nìkan. Ní 2020, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Oníhóró ṣiṣẹ́ tó abẹ́rẹ́. Nítorí àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ wa bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ náà.

Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí egbò Buruli ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ara wọn wà nínú ohun tí wọ́n bẹ̀ wọ́n fún. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ti Holmesburg. Èyí ni mo fi dá ìyá ọlọ́ṣẹ lóhùn. Ó mi orí. N kò mọ̀ bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn tán.

Ìbéèrè kan kù. Láti inú iṣẹ́ Kligman ni ìpara kan ti jáde tí ń wo irorẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àṣẹ ní 1971, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ó yẹ kí a sọ ọ́ nù nítorí bí wọ́n ṣe rí i? Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ìpara tí a sọ nù kò ní pa àpá ẹnìkan rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jèrè nínú rẹ̀ jẹ gbèsè. Ní ọdún 2000, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ náà pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní ó ti pẹ́ jù. Kligman kú ní 2010. Ní 2021, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ tọrọ àforíjì. Ní 2022, ìlú Philadelphia náà tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ti kú.

Ní ilẹ̀ Benin, òfin kan wà láti ọdún 2010 lórí irú iṣẹ́ yìí. Bí dókítà bá fẹ́ dán nǹkan wò lára yín, ìwé kan á wà. Tẹ́lẹ̀, ìka ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń tẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì ń sọ fún yín pé “kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.” Nísinsìnyí, ẹ lè fi ojú ara yín wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí, àti ibi tí wọ́n kọ ewu rẹ̀ sí. Bí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Nàgó. Ẹ má kánjú. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ fi han ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Ìyá ọlọ́ṣẹ tún béèrè ohun kan kí a tó tú ká lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí òun bá ti fọwọ́ sí i ńkọ́, tí ẹ̀rù wá ba òun ní ọjọ́ kẹta, ṣé òun lè ní kí wọ́n tú aṣọ náà kúrò lẹ́yìn òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ èyíkéyìí. Ó ní, “Ṣé wọ́n á sì tún máa tọ́jú mi?” Mo ní dandan ni. Ó mú gègé rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pátákó, kí òun lè dà á kọ.