ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ỌMỌ TI Ń RÁKÒRÒ

 

*Ibi kíkà:* Diutarónómì 22:8

Ẹsẹ kan péré ni, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń fò ó. Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má wá sọ́rùn onílé. Òrùlé tiwọn tẹ́jú, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń sá nǹkan, ibẹ̀ ni Pétérù ti gbàdúrà ní Jópà. Ọlọ́run tó ní áńgẹ́lì ló ní kí onílé mọ odi o.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wa pé oṣù mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò. Inú mi dùn, mo gbé fídíò ẹ̀ sí status. Ní Sátidé kan, mo wà níbi ìsọjí ní ìlú Ondo nígbà tí ìyá ẹ̀ pè mí láti Akure. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ ti mu kẹrosíìnì.

Èmi ni mo rọ kẹrosíìnì yẹn sínú ike omi. Èmi náà ni mo gbé e sábẹ́ tábìlì ní kíṣìnì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo ti gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, mo ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó, kí n tó wọ mọ́tò. Mi ò rántí ike.

Aládùúgbò wa kan ti gbé epo pupa dé. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló pariwo pé kí wọ́n má dán an wò: bí ọmọ bá bì, kẹrosíìnì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ewu ńlá sì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo fún un, ẹ má fi ìka tọ́ ọ lọ́fun kó lè bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí, ẹ mú ike náà dání, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. UNIMEDTH wà ní Akure, ó wà ní Ondo.

Wọ́n dá a dúró mọ́jú. Ọlọ́run ṣàánú, ó yè. Nígbà tí mo délé, ẹbí kan ní ọwọ́ ayé ni. Kí n má purọ́, ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ayé ni, kì í ṣe èmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ike yẹn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo rákòrò yí ilé ká bí ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀pà lábẹ́ àga, mo rí bátìrì róbótó ti rìmóòtù, mo rí wáyà áyọ́ọ̀nù tó rọ̀ wálẹ̀. Ní balùwẹ̀, garawa omi wà láìní ìdérí. Orí ọmọ wúwo; tó bá dorí kodò sínú garawa, kò lè yọ ara ẹ̀, kódà bí omi ò tó ìdajì. Mo tún rí Sniper lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré ẹ̀, síbẹ̀ ó wà nílé ajíhìnrere.

Káfíńtà bá wa kan pákó dínà kíṣìnì. Ohun tó lè pa ọmọ ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, kọ́kọ́rọ́ sì wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè ní àìnígbàgbọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ rántí Mátíù 4? Èṣù ló ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì á gbá a mú. Jésù ò bẹ́.

Bí ẹ bá ti kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárọ̀ yìí, ẹ má tíì dìde. Ẹ wo abẹ́ àga àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ná.

*Àdúrà:* Olúwa, là wá lójú sí ohun tó wà nílẹ̀ ilé wa. Tu òbí tó ti pàdánù ọmọ nínú irú jàǹbá yìí nínú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́gbẹ́. Lórúkọ Jésù. Àmín.