BÍBÉLÌ A MÁA BÁ NI DÀGBÀ

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Timoteu 3:14-17, Matteu 5:21-26



Pọ́ọ̀lù rán Timoteu létí pé láti kékeré ni ó ti mọ ìwé mímọ́. Inú Loisi ìyá rẹ̀ àgbà àti Eunike ìyá rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yẹn ti kọ́kọ́ gbé. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò ní kí ó fi í mọ sí ti ọmọdé. Ó ní kí ó dúró nínú rẹ̀. Ìwé kan náà ni ọmọdé ń kà tí àgbà ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, abẹ́ ìrọ̀rí ni Bíbélì wa ń gbé. Ìyá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń fi í sábẹ́ orí wa kí a má baà lá àlákálàá. Ìwé Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé. Ní ti Yorùbá, inú Bíbélì ni a ti kọ́ ọ kà, lọ́jọ́ Ìsinmi, tí bàbá alàgbà kan ń fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Ọlọ́run má gbàgbé làálàá àwọn tó túmọ̀ rẹ̀. Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ní ọdún 1821, wà ní iwájú nínú iṣẹ́ náà, gbogbo Bíbélì sì pé lédè Yorùbá ní ọdún 1884.

Nígbà tí a di ọ̀dọ́, a fi Bíbélì ṣe kùmọ̀. Ẹni tó bá fi wá ṣẹ̀sín pé a kì í wọ bàtà, a ó ti ṣí Ẹ́kísódù orí kẹta lé e lórí. A borí nínú iyàn púpọ̀, a kò jèrè ọkàn kan.

Nígbà tí a gbéyàwó, tí wàhálà ayé dé, Bíbélì di oògùn. Sáàmù nìkan ni a mọ̀. Èyí kò burú, Dáfídì náà ké pe Ọlọ́run lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó gbé wa dé.

Àwa àti ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ìyá kan náà, jà nítorí ilẹ̀ oko tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ọdún 7 ni a kò fi kí ara wa. Lóru, a ó tan àbẹ́là, a ó gbé omi kalẹ̀, a ó ka Sáàmù 35, a ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n wa sí i. Lóru ọjọ́ kan, a ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ìjọ nípa ọrẹ ìkórè, a bá ṣí Matteu orí karùn-ún. Jésù ní kí ẹni tó mú ọrẹ wá fi í sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, bó bá rántí pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan sí i nínú. Kí ó kọ́kọ́ lọ parí ìjà. Ẹ wò ó dáadáa: Jésù kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi! A ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, òun ló ka àwa.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ. A bá ẹ̀gbọ́n wa lórí ẹní àìsàn. A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí." Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá nawọ́ sí Bíbélì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, wọ́n ní, "Àbúrò, Sáàmù 35 lèmi náà ń kà sí ẹ."

Ọmọ ìyá méjì, Sáàmù kan, Ọlọ́run kan! Ta ni kí Ó dá lóhùn nínú wa? A pín ilẹ̀ náà. Oṣù 4 lẹ́yìn èyí, ẹ̀gbọ́n wa lọ sinmi. Ká ní a dúró dìgbà tí wọ́n á kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá ni, ojú oórì wọn là bá ti tọrọ àforíjì.

Lónìí, awò ojú la fi ń kàwé. Ẹsẹ díẹ̀ la ń kà, ṣùgbọ́n a ń pẹ́ lórí rẹ̀, a sì ń béèrè pé, "Olúwa, kí ni Ẹ fẹ́ kí á ṣe?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ṣe kùmọ̀. Ìwọ tí o sì ń ka Sáàmù lóru, orúkọ ta lò ń dá sí i? Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ mu ọmú kan náà ni, pa àbẹ́là yẹn, dìde, lọ bá a.

Olúwa Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kà wá kí ọjọ́ tó lọ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.