Olùkọ́ Ni Kí Ẹ Fi Owó Gbà



Àwọn ọmọ Ìgbàyè tí ó wà ní Yunifásítì ń bá kálíkúlọ́ọ̀sì ohun púpọ̀ jìjàkadì. Bí iṣu yóò ti ta tó, ọwọ́ òjò, ilẹ̀ àti èbù ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára òjò nìkan yóò mú ilẹ̀ àti èbù dúró lójú kan, yóò sì jẹ́ kí òjò nìkan yí padà. Bí ìṣirò náà ti rí nìyẹn. Kò rọrùn, mo gbà.

Ní 1748, Maria Gaetana Agnesi, obìnrin Kátólíìkì ará Milan, tẹ ìwé ńlá jáde lórí kálíkúlọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ lówó. Olùkọ́ ni ó fi gbà fún un. Póòpù Benedict XIV yàn án sí Yunifásítì Bologna ní 1750, ṣùgbọ́n àwọn òtòṣì àti aláìsàn ni ó fi ìyókù ayé rẹ̀ sìn títí ó fi kú ní 1799.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ránṣẹ́ pé òun kùnà, tí ó sì ń béèrè owó tí òun yóò fi ra máàkì, ẹ má ṣe fún un. Ẹ wá olùkọ́ fún un, kí ó tún ìdánwò náà ṣe. Bí owó náà bá sì ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wá síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí Mísà ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.